Fífi Ọwọ́ Kọ́ Iṣẹ́ Ọnà Ilẹ̀ Mìíràn

Báwo ni àlejò ṣe lè mọ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ dójú àmì? Àwọn kan gbà pé ìwé àti àwòrán tó. Àwọn tí ń ra àwo àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà mọ̀ pé kò tó. Bí a bá gbé àwo lé wọn lọ́wọ́, wọn a yí i dojú dé, wọn a fi ìka wo ìdí rẹ̀ níbi tí kò dán, kí wọ́n lè mọ irú amọ̀ tí a fi mọ ọ́n. Orúkọ ọba tí a kọ síbẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo sọ òtítọ́. Ní ayé ọba Kangxi (1662 sí 1722), àwọn amọ̀kòkò a máa kọ orúkọ Chenghua, ọba tí ó ti kú láti 1487, sí ìdí iṣẹ́ wọn.

Ìlú Ẹdẹ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní 1950 ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier dé Nàìjíríà. Oníṣẹ́ ọnà ni kí ó tó wá. Ní Ẹdẹ ni ó ti pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. Wenger kò tí ì gbọ́ Yorùbá, Ajagẹmọ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ pẹ̀lú. Ìyẹ́ adìyẹ ni a fi ń kọ ọnà sára aṣọ funfun, ẹ̀kọ láfún sì ni tàdáwà rẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, yóò tàn kọjá ibi tí a fẹ́. Bí kò bá dì mọ́ aṣọ dáradára, aró yóò wọlé. Ojú kan ṣoṣo ni a ń kọ ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ a fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì aró. Ti àdìrẹ oníko kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí okùn tí a fi dì í a máa hàn lójú méjèèjì. Ẹni tí ó ti po ẹ̀kọ rí kò ní ṣàìyí aṣọ àtijọ́ wo ẹ̀yìn. Yóò sì tètè mọ ọnà tí a fi ìyẹ́ kọ yàtọ̀ sí èyí tí a fi páànù gígé tẹ̀, nítorí ti páànù a máa bára mu jù.

Ní Òṣogbo, Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí, tí í ṣe bíríkìlà tẹ́lẹ̀, tún àwọn ojúbọ inú Igbó Ọ̀ṣun kọ́, wọ́n sì fi símẹ́ńtì mọ ère síbẹ̀. Ní 2005 ni UNESCO ka igbó náà mọ́ ogún aráyé. Wenger kú ní 2009. Àwọn kan ṣe àríwísí pé ó ti ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ohun àtijọ́. Àríwísí náà ní láárí. Igbó náà jẹ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ère símẹ́ńtì wọ̀nyẹn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rúndún ogún, olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ láìsọ èyí ti ṣì wọ́n lọ́nà. Láti Ẹdẹ, Òṣogbo kò jìnnà. Kí wọ́n kọ́kọ́ po ẹ̀kọ nílé ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù kọ ọnà kan sára aṣọ, kí ó rẹ ẹ́ sínú aró. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wọkọ̀.