Ìdóòlà Ẹ̀mí Nínú Kànga Tí Afẹ́fẹ́ Búburú Kún: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ ní Ara àti Agbègbè Èjìgbò

Ìfáàrà

Ní Ara àti agbègbè Èjìgbò, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, kànga wúlò púpọ̀ nínú agbo ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, àwọn agbẹ́kànga a sọ̀kalẹ̀ láti gbẹ́ ẹ jìn sí i. Bí ọ̀kan bá dákú nísàlẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ a bẹ́ tẹ̀ lé e láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìfẹ́ ni ó sún un, ṣùgbọ́n ikú kan náà ni ó lè pa á. Ní 1986, àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà sọ pé, nínú àwọn tí ó kú sí irú ibi híhá bẹ́ẹ̀, ó lé ní 60 nínú 100 tí ó jẹ́ olùdóòlà.

Ohun tí ó ń pa ènìyàn

Kì í ṣe iwin. Nínú 100 ìdá afẹ́fẹ́, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn. Bí kò bá tó 10, ènìyàn lè dákú kíákíá. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì dayọ́ọ́sáìdì wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó ń kó sí. Òun ni ó tú jáde láti inú adágún Nyos ní Kamẹrúùnù ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, tí ó ṣàn gba àfonífojì, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,700. Èéfín ẹ̀rọ ìfami tí ń lo epo bẹntiróòlù náà ń pani, bẹ́ẹ̀ ni májèlé inú rẹ̀ kò ní òórùn. Afẹ́fẹ́ inú ṣáláńgá ń rùn bí ẹyin òbu, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, imú kò ní gbọ́ òórùn náà mọ́.

Ọ̀nà ìdóòlà

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wọlé ni kí a ti so okùn mọ́ ọn láyà, kí àwọn tí ó wà lókè lè fà á jáde. Kí a má gbé ẹ̀rọ elépo sọ̀kalẹ̀. Àtùpà tí ó kú ń fi hàn pé ọ́síjìn kò tó. Ṣùgbọ́n èyí tí kò kú kò fi hàn pé kò séwu, iná rẹ̀ sì lè ran afẹ́fẹ́ mìíràn. Bí ènìyàn bá ṣubú tí kò sí okùn lára rẹ̀, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí ìsàlẹ̀ láti òkè, kí a sì pe panápaná tàbí 112.

Ìgúnlẹ̀

Olùkọ́ lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́: kí ó da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kán-ún nínú ife gíga, bí ó bá hó tán, kí ó rọra sọ àbẹ́là tí a tàn sínú rẹ̀. Iná yóò kú kí ó tó kan omi. Ọmọ tí ó bá rí i yóò mọ ìdí tí a fi ń di ẹnìkejì mú létí kànga.