Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ṣẹ́dà Sẹ́ Omi Òkun

Ọ̀pọ̀ ṣáwá tí à ń yan jẹ ní Èrìjìyàn-Èkìtì, láàárín òkè níbí, inú yìnyín ni ọkọ̀ ti kó o wá láti òkun ilẹ̀ Yúróòpù. Kí ni ṣáwá ń jẹ lọ́hùn-ún? Ìbéèrè yìí ni Alister Hardy, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ń wádìí láàárín ọdún 1920 sí 1925, tó ń la inú ṣáwá wò. Àwọn ẹ̀dá wíńníwíńní tí omi ń gbé kiri ló bá níbẹ̀, àwọn tí à ń pè ní plankton. Òun náà ló wá ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa kó wọn jọ. Láti ọdún 1931 ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń wọ́ ọ kiri òkun.

Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí gan-an, torí kò lo iná rárá. Irin ni, ó gùn tó mítà kan, wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Ihò iwájú rẹ̀ kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Omi á gbabẹ̀ wọlé, á bá ṣẹ́dà tẹ́ẹ́rẹ́ pàdé. Omi á kọjá, plankton á há sójú aṣọ. Ṣẹ́dà kejì á bò ó, méjèèjì á ká pọ̀ bí ẹní sínú fọ́máàlìn, kó má baà jẹrà. Omi fúnra rẹ̀ ló ń ká a: ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kan ní ìdí ẹ̀rọ, abẹ̀bẹ̀ ń yí jíà, jíà ń fa aṣọ. Ọkọ̀ ì báà sáré, ì báà rọra, sẹ̀ǹtímítà 10 ṣẹ́dà dúró fún nǹkan bíi kìlómítà 18.

Tí àwọn olùwádìí bá tú ṣẹ́dà náà, àwọ̀ ewé ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí wọ́n tó fi máíkíróskóòpù ka plankton orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣẹ́dà kò lè sọ bí omi náà ṣe rí, tàbí ohun tó ń bọ́ plankton. Ìgò ni wọ́n ń rì sínú omi fún ìyẹn, láti mọ iyọ̀, ọ́síjìn àti nítréètì tó ń bọ́ plankton.

Wọ́n wọ́ ẹ̀rọ náà gba òkun tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ní ìparí àwọn ọdún 1990. Láti July sí September, omi tútù ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní etíkun Ghana, ó ń gbé nítréètì wá, plankton ń gbilẹ̀, ẹja sì ń tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dọ̀ apẹja.