Epo Pupa, Fìtílà àti Àbẹ́là

Bí iná mànàmáná bá kú lálẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Agége, àbẹ́là ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń wá. Àwọn Àwórì tí ó tẹ agbègbè náà dó kò mọ àbẹ́là. Fìtílà amọ̀ ni tiwọn.

Àwo kékeré ni fìtílà náà. Ìyálé ilé a bu epo pupa tàbí àdín sínú rẹ̀, a ran òwú, a tẹ́ ẹ sínú epo, a sì jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ létí àwo. Òwú ni í fa epo gòkè, epo sì ni iná ń jẹ. Bí orí òwú bá jó di dúdú, èéfín a pọ̀. Nítorí náà a ní láti máa gé e, kí a sì máa bu epo sí i. Ẹni tí ó bá ń jáde lóru a mú ògùṣọ̀, èyí tí a fi ìhá ẹyìn tí epo ṣì kù lára rẹ̀ ṣe.

Gbogbo ìyàwó ilé ni ó mọ̀ pé epo a máa dì ní ìgbà ọyẹ́. Ohun náà gan-an ni àwọn òyìnbó tí ń ṣe àbẹ́là ń wá. Ilé-iṣẹ́ Price ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ bí a ti í ya apá líle inú epo pupa kúrò lára apá tí ń ṣàn, apá líle yìí sì di àbẹ́là tí kì í rùn bí ti ọ̀rá ẹran. Láàárín 1853 sí 1854 wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn sí Bromborough Pool, nítòsí Liverpool tí ọkọ̀ epo ń gúnlẹ̀ sí. Epo ilẹ̀ Yorùbá gba èbúté Èkó lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó gún ẹyìn, tí wọ́n sì fún un, gba owó epo. Èrè àbẹ́là wà lókè òkun. Orúkọ àbẹ́là pàápàá, láti inú èdè Potogí ni.

Iná mànàmáná tàn ní Èkó ní 1896, ṣùgbọ́n ó pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé àwọn ìletò. Epo rọ̀bì ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àbẹ́là òde òní.

Àbẹ́là tí a lẹ̀ mọ́ ìdérí ike lè jó ilé, nítorí pé ike a máa yọ́, a sì máa gbiná. Inú àwo amọ̀ tí a bu yanrìn sí ni kí a gbé e sí, jìnnà sí aṣọ fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí a sì pa á kí a tó sùn.