Ta Ni Ó Ni Ilé Tí A Ń Kó Àwọn Arúgbó Wa Sí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá kò fẹ́ràn láti máa sọ ní gbangba, òun náà sì ni pé àwọn ọmọ ń kó òbí wọn sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Bí ẹnìkan bá dá a lábàá níbi ìpàdé ẹbí, ojú yóò ti olúwarẹ̀, àgbà kan yóò sì rán an létí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọmọ wà nílé. Àwọn ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1955 ti lé ní 70 ọdún báyìí. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ti re ibi àgbà ń rè, àwọn ọmọ tí àwọn náà bí sì ti kọjá sí òkè òkun, èyí tí àwọn èwe ń pè ní "jápa". Òkété ti dàgbà, ọmọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ òru ní Manchester.

Nítorí náà ilé ọ̀hún ti dé, a kò lè pa ojú dé mọ́. Ìjọ Kátólíìkì ti ń tọ́jú àwọn àgbà ní Regina Mundi ní Múṣin láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn aládàáni sì ń ṣí tiwọn káàkiri Èkó. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ní: ta ni ó ni ín? Àwọn kan yóò pe èyí ní àtojúbọ̀. Ọdún tí kòrónà jà ti fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, àwọn onímọ̀ ìṣègùn yẹ gbogbo ilé ìtọ́jú arúgbó tí ó wà níbẹ̀ wò, láti òpin oṣù Ẹrẹ̀nà títí di 20 oṣù Èbìbí ọdún 2020. Ilé náà jẹ́ 623. 360 nínú wọn jẹ́ ti àwọn tí ń fi ilé wá èrè. Ìyókù jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Àrùn náà jà ní ilé 190, ó mú arúgbó 5,218, ó sì pa 1,452 nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò nìyí. Wọ́n rí i pé àrùn kò bèèrè ẹni tí ó ni ilé kí ó tó wọlé. Bí ó bá ti pọ̀ ní àdúgbò, yóò wọ ilé oníṣòwò, yóò sì wọ ilé ìjọ. Ìgbà tí ó bá wọlé tán ni ọ̀rọ̀ ń yàtọ̀. Iye àwọn tí ó mú nínú ilé àwọn tí ń wá èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí ó mú nínú ilé àwọn aláàánú, òkú sì pọ̀ jù níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni ó fà á? Ohun pàtàkì kan ni ògiri. Púpọ̀ nínú àwọn ilé elérè náà ni a kọ́ sí ìlànà àtijọ́ ti ọdún 1972, èyí tí ó fi àyè gba kí arúgbó mẹ́rin jọ sùn nínú yàrá kan. Ìlànà tí ó dára ju èyí lọ ti dé láti ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n àtúnkọ́ ilé a máa gba owó, inú èrè ni owó náà yóò sì ti jáde. Bí ọ̀kan bá wú ikọ́, àwọn mẹ́ta yòókù ti gbà á símú. Dókítà kọ́ ni ó pinnu pé kí ibùsùn mẹ́rin wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kọ́ sì ni. Ẹni tí ó ni ilé ni.

Òun náà ni ó ń san owó iṣẹ́. Ní England, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020 fi hàn pé àrùn kéré níbi tí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá ti ń rí owó gbà nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀ sílé. Níbi tí wọ́n sì ti ń lo alágbàṣe ní ọjọ́ tí ó pọ̀ jù, tí òní wà ní ilé yìí tí ọ̀la wà ní ilé kejì, àrùn pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi, nítorí pé àwọn ọmọ wa wà lára alágbàṣe náà. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àlejò láti wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú. Ní 11 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2024 wọ́n ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú aya, ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Ní 22 oṣù Agẹmọ ọdún 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa. Kì í ṣe olùkọ́ díẹ̀ ni ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ níhìn-ín láti lọ máa wẹ ẹ̀yìn fún arúgbó lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kí ó tó rí ìwé ìrìnnà gbà, bí kò bá níí rí owó ní ọjọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, kò lè jókòó sílé. Ikọ́ ń mú un, gbèsè ń lé e. Kí a má bú u.

Àwọn kan yóò sọ fún wa pé ohun tí ó jẹ́ ti aládàáni kò di búburú nítorí èyí. A gbà. Ilé ìwòsàn aládàáni ni First Consultant ní Ọbalẹ́ndé, níbi tí wọ́n gbé arìnrìn-àjò tí ó ti Liberia mú Ẹbólà wọ Èkó sí ní 20 oṣù Agẹmọ ọdún 2014. Wọ́n fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀. Àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní 19 oṣù Ògún, ṣùgbọ́n ènìyàn 20 péré ni ó mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú, nígbà tí ó sì di 20 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ jẹ́ dókítà tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ewu tí ó wọlé wá, ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i. Ẹni tí ó ni ilé ṣùgbọ́n tí ó ń gbé ìlú mìíràn, tí ó ń ka kìkì ìwé ìṣirò owó, ojú wo ni yóò fi rí i? Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó tilẹ̀ ti dé ibi pé ẹni tí ó ni ògiri kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣe ìtọ́jú. Ilé iṣẹ́ Southern Cross ń ṣàkóso ilé tí ó tó 750, arúgbó bíi 31,000 ni ó ń gbé inú wọn. Ilẹ̀ àti ilé ti di ti àwọn onílé mìíràn, owó ilé ń gòkè lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ náà sì wó ní ọdún 2011. Ní ọdún 2020 ẹ̀wẹ̀, kòrónà wọ ilé ìtọ́jú Home Farm ní Portree, ní erékùṣù Skye ní Scotland. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ibùjókòó rẹ̀ jìnnà sí erékùṣù náà ni ó ni ín nígbà náà. Arúgbó 10 kú. Àwọn tí ìjọba fi ṣe alábẹ̀wò gba ilé ẹjọ́ lọ, kí ọdún tó parí, ẹ̀ka ìlera ìjọba ra ilé náà.

Skye ní afárá. Snake Island kò ní. Ìdí nìyí tí a fi ń ronú nípa erékùṣù tiwa yìí, tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, tí ó dojú kọ èbúté Tin Can. Àwọn ọ̀dọ́ Igbológun ń wọ ọkọ̀ ojú omi lójoojúmọ́ lọ sí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́, àwọn àgbà ni ó kù sílé. Ìjọba ni ó dá ibi ìkọ́kọ̀ Nigerdock sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1986, ó sì ti di ti aládàáni láti ìgbà pípẹ́. Bí irin bá pààrọ̀ olówó, irin kì í ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn erékùṣù náà tutù, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù Àpápá kò dé ibẹ̀, lọ́jọ́ kan oníṣòwò kan yóò rò ó pé ibẹ̀ dára fún ilé àwọn arúgbó. Yóò sì kọ ọ́ sínú ìpolówó rẹ̀ pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2024 àrùn onígbáméjì jà ní Èkó. Omi ẹlẹ́gbin ni ó ń bá rìn, kò sì pẹ́ tí ó fi ń fa omi ara arúgbó gbẹ. Wákàtí ni a fi ń kà á. Bí ó bá mú àgbà kan ní erékùṣù náà ní agogo méjì òru, a ó kọ́kọ́ wá ọlọ́kọ̀ ojú omi jí. A ó gúnlẹ̀ sí Àpápá, a ó sì tún wá mọ́tò tí yóò gba àárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kọjá kí a tó dé ilé ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn ní Yábàá. Ọkọ̀ kan náà ni yóò sì máa gbé ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé náà wá láti Ajégúnlẹ̀ láràárọ̀, òun àti àwọn ọlọ́jà. Àwa ará Èkó mọ̀ pé ojú omi ni àrùn ń gbà wọ ìlú yìí: ọkọ̀ òkun ni ó gbé àjàkálẹ̀ tí àwọn baba wa pè ní lùkúlùkú wá ní ọdún 1918.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó kò le. Kí òfin pa á láṣẹ pé orúkọ ẹni náà gan-an tí ó ni ilé ìtọ́jú, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ lásán, yóò wà lára ògiri ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Kí iye ibùsùn tí yàrá kan lè gbà ní ìwọ̀n. Kí òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣàìsàn gba owó rẹ̀ pé. Àjọ HEFAMAA tí ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn Èkó wò ní ojú tí ó mọ àrùn. Kí a fi ojú náà sí ilé àwọn arúgbó, kí a sì lẹ ohun tí ó bá rí mọ́ ògiri fún gbogbo ènìyàn láti kà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn olùdíje bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ni àwọn ẹbí máa ń gbé ìwé irú ilé bẹ́ẹ̀ wá bá pé kí ẹ bá àwọn kà á. Ẹ wá orúkọ onílé nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó san owó oṣù àkọ́kọ́. Bí akọ̀wé ilé náà bá ní òun kò mọ ọ̀gá òun, kí ẹ ní kí wọ́n mú ìyá wọn padà sínú ọkọ̀.