Áàpù Tó Ń Jáde Láìgbàṣẹ: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ọ́fíìsì

Òṣìṣẹ́ kan fi áàpù ìpàdé tuntun sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bó ṣe ní kí òun ṣí i, àpótí kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ. Windows ní òun ti dá áàpù náà dúró: ṣé kí òun fún un láyè lórí nẹ́tíwọ̀kì ni, àbí kí òun má fún un? Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ń dúró. Ó tẹ bọ́tìnnì tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀rọ kò gbàgbé. Bó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda ló tẹ̀, àyè náà wà fún áàpù yẹn títí ẹnì kan yóò fi lọ pa òfin náà rẹ́. Bó bá sì fagi lé e, òfin ìdínà ni Windows yóò kọ sílẹ̀, òfin ìdínà sì lágbára ju òfin ìyọ̀ǹda lọ. Ìdí nìyẹn tí áàpù kan fi lè ṣiṣẹ́ geere lórí ẹ̀rọ ẹnì kan, kó kọ̀ jálẹ̀ lórí ti ẹni tó jókòó tì í, tí wọn yóò sì máa bú nẹ́tíwọ̀kì. Irú ìpinnu yìí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Àwọn òṣìṣẹ́ IT ló yẹ kó ṣètò rẹ̀ láti ojú kan fún gbogbo kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, kí áàkáǹtì tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ má sì jẹ́ ti alákòóso ẹ̀rọ.

Firewall, ètò inú Windows tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì, ló ń yọ àpótí yẹn jáde. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2004, nígbà tí Microsoft gbé Service Pack 2 ti Windows XP jáde, títàn ló máa ń wà. Bí kò bá sí ẹni tó yí ètò rẹ̀ padà, ó dà bí ọlọ́dẹ tó ń dá àlejò tí a kò pè padà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n tí kì í bi ẹni tó ń jáde pé kí ló gbé dání. Ibi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti sùn lọ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ewu rẹ̀ hàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àṣírí tú pé àwọn amí ti fi kòkòrò sínú Orion, sọ́fítíwíà tí SolarWinds ń tà fún àwọn tó ń mójú tó nẹ́tíwọ̀kì. Inú àtúnṣe tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ ló wà, SolarWinds sì sọ pé àwọn oníbàárà tó gbà á lè tó 18,000. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Yóò dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ni yóò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kàn sí àwọn tó rán an níṣẹ́, kí wọ́n lè sọ ohun tó kàn fún un. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, CISA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, dá Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden lóhùn pé ká ní firewall dí ọ̀nà àbájáde àwọn sáfà tí Orion wà lórí wọn ni, kòkòrò náà kì bá rí nǹkan kan ṣe. Àjọ náà sọ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ibi ló ti ṣeé ṣe, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n sáfà tí kò níṣẹ́ kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ ju bí àwọn ọ̀gá ṣe rò lọ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní NotPetya gba inú àtúnṣe sọ́fítíwíà ìṣirò owó kan ní Ukraine, ó sì ba iṣẹ́ Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, jẹ́ dé ibi pé kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn sáfà tó mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí nẹ́tíwọ̀kì wọn bàjẹ́ tán, àfi ẹyọ kan ní Ghana. Iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé, ẹ̀rọ náà kò sì sí lórí nẹ́tíwọ̀kì. Òṣìṣẹ́ kan gbé háàdì dískì rẹ̀ wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni yẹn ló gbé e dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àìsí iná ló ṣe ohun tó yẹ kí ètò ti ṣe.

Sùúrù ni iṣẹ́ dídí ọ̀nà àbájáde gbà ju owó lọ. Kí firewall kọ́kọ́ máa ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó dí ohunkóhun. Kí wọ́n sì fẹ fáìlì àkọsílẹ̀ náà, torí pé 4 MB péré ni Windows fún un, kíá ló ń kún. Orí sáfà ló yẹ kí ìdínà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń ṣírò owó oṣù lè kàn sí báńkì àti ibi tí àtúnṣe rẹ̀ ti ń wá, ó tán. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kan kò sì nídìí láti máa bá ti ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí pọ́ọ̀tì 445, ọ̀nà tí Windows ń gbà pín fáìlì. Ibẹ̀ ni kòkòrò WannaCry gbà lóṣù Karùn-ún ọdún 2017 tó fi da iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba rú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

WannaCry kan náà ló fi hàn pé ìdínà aláìnírònú léwu. Kòkòrò náà máa ń wá àdírẹ́sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá rí i, yóò dáwọ́ dúró. Àwọn ọ́fíìsì tó sáré dí àdírẹ́sì náà ṣe ara wọn léṣe.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìdáàbòbò Détà ti ọdún 2023 fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin náà, létí bí détà àwọn ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ tó sì lè pa wọ́n lára. Láàárín àkókò yẹn, àkọsílẹ̀ firewall ni yóò sọ kọ̀ǹpútà tó fi nǹkan ránṣẹ́ àti ibi tó fi í ránṣẹ́ sí, nítorí náà, orí ẹ̀rọ mìíràn ló yẹ kí wọ́n máa kó o pamọ́ sí.