Ìbọn ogun tí wọ́n gé fún ọdẹ: bí wọ́n ṣe ń dá a padà sípò

Ní Amẹ́ríkà lóde òní, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbọn ogun àtijọ́ tí àwọn bàbá wọn ti gé ni wọ́n ń wá kiri. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á tún un ṣe títí yóò fi rí bó ṣe wà nígbà tó wà lọ́wọ́ sójà. Kí ló wá dé tí wọ́n fi gé e tẹ́lẹ̀?

Owó ló fà á. Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ìbọn tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju sójà tó máa lò ó lọ. Mauser ti Jámánì, Lee-Enfield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Springfield 1903 ti Amẹ́ríkà di ọjà pọ́ọ́kú. Ìbọn ọdẹ tuntun wọ́n jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn ogun gùn, ó sì wúwo. Ọdẹ á ra ọ̀kan, á gé igi tó bo ọ̀pá irin rẹ̀ kúrò, á yọ ibi tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ kọ́ sí lẹ́nu rẹ̀, á sì lu ihò sára irin láti de awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn mọ́ ọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gé ọ̀pá irin náà kúrú. Ní ìlú Warsaw, ìpínlẹ̀ Missouri, ilé iṣẹ́ Bishop àti ti Fajen ń gbẹ́ igi tuntun tà fún irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀.

Ní 1963, Carcano ti Ítálì ni wọ́n fi pa Ààrẹ Kennedy. Dọ́là 19.95 ni wọ́n rà á, tòun ti awò orí rẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló sì bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1968 dí ọ̀nà ìtajà bẹ́ẹ̀, ó sì dá ìbọn ogun tó ń wọlé láti òkè òkun dúró. Èyí tí wọn kò gé wá di ohun ọ̀wọ́n, èyí tí wọ́n gé kò sì tó o níye lórí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe? Wọ́n á kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Wọ́n á wá wọn ọ̀pá irin náà. Ti Mauser K98k gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá pé, iṣẹ́ rọrùn, nítorí igi àti òrùka irin tó ń dì í mú ṣì ṣeé rí rà. Wọn kì í fi sáńpépà ha igi àtijọ́, kí àmì tí ilé iṣẹ́ àti ológun tẹ̀ sára rẹ̀ má bàa parẹ́. Wọ́n á nu ìdọ̀tí rẹ̀, wọ́n á sì fi òróró linseed pa á díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irin bá ti kúrú tàbí tí wọ́n ti lù ú, owó àtúnṣe lè ju iye tí ìbọn náà máa mú wá lọ́jà lọ. Kí ẹnikẹ́ni sì tó yìn ín, oníṣẹ́ ìbọn tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kí a dá padà. Springfield tí wọ́n tún ṣe fún Ààrẹ Theodore Roosevelt, tó gbé lọ ṣọdẹ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1909, ti di ìtàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tú irú rẹ̀ ká, ó ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìbọn tí a tún ṣe kì í ṣe ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Ẹni tó tẹ nọ́ńbà irọ́ sára irin kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu, èrú ló ṣe. Ẹni tó tún un ṣe gbọ́dọ̀ là á yé ẹni tó ń rà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilé wa. Berthier 1907 ni Faransé ṣe fún àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, àwọn ọmọ Dahomey sì wà lára wọn nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ohun ìní irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé yín, yálà àmì ẹ̀yẹ, fìlà tàbí ìwé, ẹ má ṣe ha á, ẹ má ṣe kùn ún lọ́dà kí ẹ tó bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá gé kì í hù padà.