Gbígbèrò Géèmù Orí Fóònù Nílẹ̀ Ìkálẹ̀

Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá pé jọ láti gbèrò géèmù, bébà àti bírò ni a rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ mú. Iṣẹ́ yìí kò dúró de iná mọ̀nàmọ́ná. Ẹ kọ gbogbo èrò sílẹ̀ kí ẹ tó tú èyíkéyìí dànù. Ẹ má wá a lọ sókè òkun: ọ̀kadà ìgboro ni ilé-iṣẹ́ Maliyo Games, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, sọ di géèmù Okada Ride.

Èrò tí òṣèré ti lè pàdánù ni kí ẹ ṣà. Púpurú ńkọ́? A ó rẹ ẹ̀gẹ́, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sì yan án lórí iná. Bí iná bá pọ̀ jù, yóò jó. Bí kò bá tó, inú rẹ̀ kò ní gbẹ.